Ọ̀rọ̀ Agogo àti Ọpọ́n Ayò: Lẹ́tà sí Mojísọ́lá

Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹta.

Mojísọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. A dúpẹ́ pé òtútù Liverpool kò tíì gbé ọ mì. Ìyá rẹ ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní o kò sọ ohun tí ò ń jẹ. Èmi ka tèmi, mo sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé: "Dádì Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n fi nonparametric ṣe iṣẹ́ àṣejáde mi. Ṣé pé kò ní sí parameter kankan nínú rẹ̀ ni?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo bi ọ̀gá mi nígbà tí mo wà ní ipò rẹ. "Rárá" ni ó fi dá mi lóhùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi ò ní ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Po tíì rẹ, kí o jókòó.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ yẹn láàárín àwa tí à ń fi ìṣirò tọ oògùn lẹ́sẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń rú ọmọ ilé-ìwé lójú. Ọ̀kan ni ti Wilcoxon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí o ti kọ́: a kì í wo nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ipò tó dúró sí la ń wò, ta ló ṣáájú, ta ló tẹ̀ lé e. À ń lò ó fún àkókò tí oògùn gòkè jù nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí wákàtí tí nọ́ọ̀sì bá fa ẹ̀jẹ̀ nìkan la lè kọ sílẹ̀. Èkejì ni kí a kàn fi ìlà so àmì ẹ̀jẹ̀ kan mọ́ èkejì lórí ìwé, kí a wọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìlà náà, láìbéèrè bí ara ṣe ṣe é. Ìwọ̀nyẹn kò le, o ò sì béèrè wọn. Ẹ̀kẹta ni ọ̀gá rẹ ní lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹsẹ̀ mi fún ọ. Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n, kì í fẹ́ sọ ọ́ ni. Ní 1981, mo jẹ́ ọmọ ọdún 21, ikọ́ ẹ̀gbẹ mú mi. Wọ́n gbà mí sí wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn kan tí n ò ní dárúkọ. Abẹ́rẹ́ streptomycin ní oṣù méjì àkọ́kọ́, kóró isoniazid àti thiacetazone títí di oṣù 18. Ahunṣọ kan láti Ìsẹ́yìn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi. Kóró kan náà ni nọ́ọ̀sì ń kà lé èmi àti ẹ̀ lọ́wọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, láti inú ìgò kan náà. Nígbà tó di oṣù kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi bí ẹni tó tẹ eérú gbígbóná. Bó bá di alẹ́, n ò lè fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní àìsùn ni, wọ́n ní ìrònú ni. Ahunṣọ ní tirẹ̀ ń rìn káàkiri wọ́ọ̀dù, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ṣàpèjúwe fún wa bí wọ́n ṣe ń tẹ òfì.

Ó tó oṣù méjì kí dókítà kékeré kan tó wá sí wọ́ọ̀dù wa, tó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, tó sì fún mi ní vitamin B6. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iná náà rọlẹ̀. Àmọ́ títí di òní, ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi méjì kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ tútù tàbí ó gbóná.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó rí ìdí rẹ̀ nínú ìwé. Ẹ̀dọ̀ ló ń pa isoniazid dà kí ó tó jáde lára, èròjà tó sì ń ṣe iṣẹ́ náà, NAT2 ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan jogún èyí tó yára, àwọn kan jogún èyí tó lọ́ra. Ní 1960, Evans, Manley àti McKusick tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú British Medical Journal. Wọ́n fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní isoniazid, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, wọ́n to àwọn nọ́ńbà náà sórí ìlà. Òkè méjì ló yọ, àfonífojì sì wà láàárín wọn. Lóòótọ́, iṣẹ́ àbùdá tó tẹ̀ lé e ti fi hàn pé àwọn aláàárín wà, ṣùgbọ́n òkè méjì yẹn kò tíì wó. Evans yìí, Liverpool tí o wà yẹn náà ló padà fi ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀. Bóyá o ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ àtijọ́ láìmọ̀. Èmi wà lórí òkè àwọn tó lọ́ra. Mo gbà pé ahunṣọ wà lórí ìkejì.

Mú bírò. Nọ́ńbà tí mo fọwọ́ ara mi yàn ni ìwọ̀nyí, kì í ṣe ti aláìsàn kankan. Ká ní oògùn inú ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì jẹ́ míligíráàmù 6 nínú lítà kan. Ti ẹni àkọ́kọ́ ń dín sí ìdajì ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ti ẹnì kejì ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, ti ẹni àkọ́kọ́ ti dín sí ìdajì lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ku 0.09. Ti ẹnì kejì dín lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ku 1.5. Wá ro wákàtí wọn pọ̀, kí o pín in dọ́gba: wákàtí méjì. Fi wákàtí méjì yẹn ṣe ìṣirò kan náà, 0.75 ló máa ku. Ta ló ni 0.75? Kò sí. Ó fi ìlọ́po mẹ́jọ ju ti ẹnì kan lọ, ó sì jẹ́ ìdajì ti ẹnì kejì. Bí ìgbà tí télọ̀ wọn bàbá, tó wọn ọmọ ọdún mẹ́fà, tó pín in dọ́gba, tó rán agbádá méjì jáde.

Ó ti tó kí n dáhùn ìbéèrè rẹ wàyí. Fojú inú wo àmù tí ìdí rẹ̀ ń jò. Bí àmù bá tóbi, oògùn tí a dà sínú omi rẹ̀ yóò ṣàn, kò ní ki. Bí ojú ìjò rẹ̀ bá fẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbẹ. Títóbi àmù àti fífẹ̀ ojú ìjò: parameter méjì nìyẹn. Gbogbo aláìsàn ló ní tirẹ̀, kò sì sí ọ̀nà kankan nínú iṣẹ́ yìí tó ní kí a da àmù nù. Ohun tí à ń jà lé lórí ni bí àmù gbogbo ìlú ṣe máa rí nígbà tí a bá kó wọn síta, tí a tò wọ́n láti kékeré dé ńlá.

Lewis Sheiner àti Stuart Beal, ní San Francisco, ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé mọ̀ sí NONMEM. N ò ní bú wọn láéláé, oúnjẹ wọn ni mo jẹ dàgbà nínú iṣẹ́. Kí wọ́n tó dé, bí o bá fẹ́ mọ bí oògùn ṣe ń rìn, àfi kí o rí ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n gbà kí o fa ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ló kọ́ wa bí a ṣe ń fi ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn mọ bí gbogbo wọn ṣe rí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọmọ ìkókó mọ ohun tí ìyẹn tú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú bí a ṣe sábà ń lo ọ̀nà wọn, a ti pinnu kí a tó rí aláìsàn kankan pé bí a bá to àmù ìlú síta, wọn yóò rí bí agogo: ọ̀pọ̀ láàárín, díẹ̀díẹ̀ lápá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀ lápá òsì. Bí agogo bá ti dájú, nọ́ńbà méjì péré ló kù láti wá, ibi tí orí rẹ̀ wà àti bí ó ṣe fẹ̀ tó. Parameter méjì yẹn, ti agogo, ni nonparametric ń sọ pé òun kò fẹ́. Àmù ṣì wà níbẹ̀. Agogo la gbé kúrò.

O wá ń bi mí pé kí la gbé síbẹ̀? Ìwọ tí bàbá àgbà kọ́ ní ayò, èyí ò ní le fún ọ. Ọpọ́n ní ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mú ọpọ́n tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ, kí ihò rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún irú àmù kan: kékeré tó ń jò púpọ̀, ńlá tó ń kán tó, tó, ńlá tó ń jò púpọ̀, títí lọ. A pín ọmọ ayò sí gbogbo ihò dọ́gba, nítorí a ò tíì mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà a wo èsì ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èsì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́rìí sí irú àmù tó lè bí i, ó sì ń kọ èyí tí kò lè bí i. A kó ọmọ ayò kúrò nínú ihò tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́rìí sí, a kó o lọ síbi tí ẹ̀rí wà. Ihò tó bá ṣófo, a dí i pa. Ibi tí ọmọ ayò bá wọ́jọ sí, a gbẹ́ ihò tuntun yí i ká, bóyá ibi tó bá ẹ̀rí mu jù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A tún kó, a tún dí, a tún gbẹ́, títí a ó fi kó ọmọ ayò tí ọpọ́n kò sì ní bá àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ihò tó ṣẹ́kù àti iye ọmọ ayò inú rẹ̀ ni ìdáhùn. Bó jẹ́ òkè kan ló wà, a ó rí i. Bó jẹ́ méjì, a ó rí i. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dá jókòó sí ìkángun ọpọ́n, ihò tirẹ̀ á wà fún un.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni pé, nínú gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò yẹn, èyí tí a nílò ní ìparí kì í ju iye aláìsàn lọ. Bí aláìsàn bá jẹ́ 30, bó pọ̀ tó bó pọ̀ tó, ihò 30 ti tó. Bruce Lindsay ló la èyí yé wa ní 1983, nínú iṣẹ́ ìṣirò pọ́ńbélé. Alain Mallet, ní Paris, mú un wọ inú ọ̀rọ̀ oògùn ní 1986. Alan Schumitzky, ní Los Angeles, gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde ní 1991, ṣùgbọ́n ihò orí ọpọ́n tirẹ̀ kì í kúrò lójú kan: bí o bá fẹ́ kí ó péye, àfi kí ihò náà pọ̀ débi tí kọ̀ǹpútà á fi máa kérora. Robert Leary, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ńlá ti San Diego nígbà náà, ló mú ọgbọ́n dídí ihò àti gbígbẹ́ tuntun wá. Èyí ni wọ́n ń pè ní NPAG. Ó wà nínú Pmetrics, ètò kọ̀ǹpútà tí Michael Neely àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2012. Inú R ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ á sì gbé e.

Ẹni tó jẹ́ kí gbogbo èyí wúlò lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni Roger Jelliffe, dókítà ọkàn tí ìṣirò digoxin kò jẹ́ kó sinmi. Àríyànjiyàn rẹ̀ ni pé kí ló dé tí a ó fi làágùn wá bí ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, tó bá wá di ìgbà tí a fẹ́ kọ oògùn, kí a mú nọ́ńbà kan láàárín, kí a gbàgbé ìyókù? Pẹ̀lú ọpọ́n ayò, a mú ìwọ̀n oògùn kan, a dán an wò nínú gbogbo àmù tó kù. A wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa jìnnà tó sí ibi tí a fẹ́ kí oògùn dé, ihò tí ọmọ ayò rẹ̀ pọ̀ sì ni àṣìṣe rẹ̀ wúwo jù. A tún mú ìwọ̀n mìíràn, a ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí àpapọ̀ àṣìṣe rẹ̀ kéré jù la ó kọ sí ìwé oògùn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń darí ohun tó ń fò lójú òfuurufú ni wọ́n ti yá ọgbọ́n yìí. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà bá sì dé lọ́jọ́ kejì, ọmọ ayò á tún yí ibùjókòó. Fún oògùn bíi gentamicin, tó jẹ́ pé bó bá kéré, àìsàn á gbilẹ̀, bó bá pọ̀, etí àti kíndìnrín á san gbèsè rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pátákó.

O kọ ọ́ pé nínú èsì isoniazid tí wọ́n kó fún ọ, òkè méjì ni ìwọ náà ń rí, pé ọ̀rẹ́ rẹ kan ní kí o fi log sí i, kí o yọ àwọn mẹ́rin tó wà ní ìkángun, ó ní agogo á yọ. Bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ. Log kì í so òkè méjì pọ̀, nígbà mìíràn ńṣe ló tún ń jẹ́ kí àfonífojì wọn hàn sí i. Ní ti àwọn ìkángun, gbọ́ èyí. Ní 1975, Robert Smith, ní St Mary's Hospital ní London, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé debrisoquine mì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn yòókù ò ṣe nǹkan kan. Òun kò lè dìde dúró, ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀. Bó bá ṣe pé wọ́n fi agogo bo èsì ọjọ́ yẹn ni, òun ni wọn ì bá fi bírò pupa yí nọ́ńbà rẹ̀ ká, kí wọ́n pè é ní àṣìṣe, kí wọ́n yọ ọ́. Wọn ò yọ ọ́. Wọ́n tọ ipa rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1977 ló sì ṣí ọ̀nà sí èròjà ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní CYP2D6 lónìí. Kì í ṣe ọpọ́n ayò ni wọ́n lò o, ojú ni.

Àmọ́ n ò fẹ́ kí o di alákatakítí. Ọpọ́n ayò kì í tètè sọ bí ìdáhùn rẹ̀ ṣe dájú tó, agogo ń sọ ọ́ láìsí wàhálà. Bí aláìsàn bá kéré, òkè méjì lè yọ lára ènìyàn 12 kó má sì jẹ́ nǹkankan. Bí o kò bá mọ bí ẹ̀rọ tó ń wọn oògùn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣì í tó, ọpọ́n á gba àṣìṣe ẹ̀rọ gbọ́ bí ẹni pé ara ènìyàn ni. Èyí tó ti dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi ni ti aago. Mo ti rí ìwé wọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ aago mẹ́jọ sí níwájú orúkọ ènìyàn mẹ́sàn-án, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án. Ṣé ó ní ọwọ́ mẹ́sàn-án ni? Ẹni tó gbẹ̀yìn, aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fa tirẹ̀. Oògùn tó ń dín sí ìdajì ní wákàtí kan, láàárín ìṣẹ́jú 40 yẹn, 37 nínú 100 rẹ̀ ti lọ. Ọpọ́n rẹ á gbẹ́ ihò fún ìṣẹ́jú 40, á sì pè é ní ènìyàn.

Má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè méjì yìí parí sórí ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí wọ́n dán isoniazid ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ wò, àwọn tó yára ni kò rí ìwòsàn tó bó ṣe yẹ: oògùn ti jáde lára wọn kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Efavirenz náà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa lò fún HIV, CYP2B6 ló ń pa á dà, irú rẹ̀ tó lọ́ra sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Áfíríkà ju àwọn òyìnbó lọ. Míligíráàmù 600 ni wọ́n kọ fún gbogbo ayé. Nígbà náà, àwọn tó lọ́ra ń fi òòyì àti àlákálàá san án lálaalẹ́, àwọn ará ilé sì ń wá ọwọ́ ayé sí i. 2014 ni ìwádìí ENCORE1 tó fi hàn pé 400 ń ṣe iṣẹ́ tí 600 ń ṣe.

Ìyá rẹ ti fi èlùbọ́ àti ata gígún rán ìyàwó pásítọ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kọ̀wé sí i, kí o sì sọ ohun tí ò ń jẹ.

Má yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú àwọn mẹ́rin yẹn o. Fi àwòrán òkè méjì náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà, kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, láìfi log sí i. Kí o sì tún bẹ àwọn tó kó èsì náà fún ọ pé kí wọ́n wá ìwé tí nọ́ọ̀sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kí wọ́n fún ọ ní aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èmi ni,
Dádì Ìbàdàn.